Ọ̀nà wo ni iná mànàmáná tí kò wọ́n lè gbà dé abúlé wa létí ọ̀sà Ẹ̀pẹ́?

Ẹ̀yin onímọ̀, mo kí yín o. Abúlé apẹja kan ní agbègbè Ẹ̀pẹ́ ni mo ti ń kọ̀wé, níbi tí òpó iná kò tíì dé, tí ó sì jẹ́ pé láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù lọ́dún 2023, ọ̀pọ̀ ló ti pa jẹnẹrétọ̀ tì. Gílóòbù kọ́ ni ìṣòro wa, àtùpà sólà kékeré ń ṣe ìyẹn. Fíríísà àwọn ìyá ẹlẹ́ja ni, nítorí ẹja tí kò rí yìnyín, owó pọ́ọ́kú ni à ń tà á fún alágbàtà tó bá kọ́kọ́ gúnlẹ̀.

A fẹ́ dáwó jọ ra sólà àjùmọ̀lò. Àwọn kan ní kí a ra bátìrì ásíìdì nítorí pé ó pọ́ọ́kú, bẹ́ẹ̀ ìyẹn kì í pẹ́ bàjẹ́ bí a bá ń lò ó kọjá ìdajì agbára rẹ̀ lóòrèkóòrè, èyí tí bátìrì lithium máa ń fara dà. Ẹ jọ̀ọ́, èwo ló san jù fún fíríísà tí kò gbọdọ̀ kú lóru? Báwo ni àwọn abúlé tó ti ṣe irú rẹ̀ ṣe ń gba owó iná láìsí ìjà? Ṣé abúlé fúnra rẹ̀ lè kọ̀wé sí REA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí iná ìgbèríko, àbí ilé-iṣẹ́ sólà nìkan ni wọ́n ń dá lóhùn?