Kuala Lumpur sí Bangkok: wákàtí mélòó gan-an ni?

Ará Kubwa
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ tìrìnàjò bààlúù. Àbúrò mi fẹ́ ti Kuala Lumpur bọ̀ wá sí Abuja. Bààlúù tó rí máa gbéra ní Suvarnabhumi, Bangkok, ní aago 10 alẹ́. Ó tún rí tíkẹ́ẹ̀tì olówó pọ́ọ́kú kan lọ́tọ̀ tó máa gbé e dé Bangkok: ó kúrò ní 5:30 ìrọ̀lẹ́, ó balẹ̀ ní 6:40. Ṣé ìrìn wákàtí kan àti ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré ni? A ò tíì sanwó ìkankan.

Atọ́nà Wuse
Rárá o, wákàtí 2 àti ìṣẹ́jú 10 ni. Aago ìlú kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń kọ sórí tíkẹ́ẹ̀tì, Kuala Lumpur sì fi wákàtí kan ṣáájú Bangkok. 6:40 ìrọ̀lẹ́ ti Bangkok, 7:40 ni ní Kuala Lumpur, 12:40 ọ̀sán ni lọ́dọ̀ wa níbí. Tẹ́ ẹ bá wo tàbọ̀, ẹ máa rò pé wákàtí mẹ́ta ó lé ni.

Ní ìlà tààrà, nǹkan bíi kìlómítà 1,220 ni, ó lé ní ìlọ́po méjì Abuja sí Èkó. Airbus A320 tàbí Boeing 737 ń sá tó kìlómítà 830 ní wákàtí kan tó bá ti dé òkè, ìyẹn bíi wákàtí kan àtààbọ̀. Ìyókù ń lọ sórí yíyí kúrò níbi tó dúró sí, gígòkè, sísọ̀kalẹ̀ àti títò láti balẹ̀. Òjò àrá sì wọ́pọ̀ ní Kuala Lumpur lọ́sàn-án sírọ̀lẹ́, ó ń fa ìdádúró.

Ìyá Gwarinpa
Òótọ́ ni, àmọ́ wàhálà gan-an kò sí níbẹ̀ yẹn. Lẹ́tà mẹ́ta wo ló wà lórí tíkẹ́ẹ̀tì olówó pọ́ọ́kú yẹn? BKK ni Suvarnabhumi, DMK ni Don Mueang. Pápákọ̀ òfurufú ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n, ó tó kìlómítà 45 láàárín wọn. Bọ́ọ̀sì ọ̀fẹ́ wà fẹ́ni tó bá fi tíkẹ́ẹ̀tì hàn, ṣùgbọ́n gosiló ìrọ̀lẹ́ Bangkok kì í ṣe kékeré.

Ará Kubwa
DMK ni, mà. Kò sì ní físà Thailand.

Ìyá Gwarinpa
Ẹ má jẹ́ kó san án rárá! Níwọ̀n bí tíkẹ́ẹ̀tì ti jẹ́ méjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, òun fúnra rẹ̀ ló máa gba ẹrù rẹ̀ ní Don Mueang, ẹ̀yìn ìmígíréṣọ̀n lẹrù sì wà. Láìsí físà, Kuala Lumpur gan-an ni wọ́n ti máa dá a padà lẹ́nu káńtà. Ká tiẹ̀ ní físà wà, tó bá balẹ̀ ní 6:40, tó tò fún ìmígíréṣọ̀n, tó dúró de ẹrù, tó wọ bọ́ọ̀sì, káńtà Suvarnabhumi lè ti padé kó tó dé.

Tíkẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo ni kó rà, Kuala Lumpur títí dé Abuja, nọ́ńbà búkììn kan náà, kí BKK jẹ́ ibi ìpààrọ̀ tó bá máa gba Bangkok. Tó bá ń fi ẹrù sílẹ̀, kó ka bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn lára: ABV, ìyẹn Abuja, ló gbọ́dọ̀ jẹ́ ìkẹyìn. Tó bá rí BKK níbẹ̀, kó pè wọ́n sí i kó tó kúrò níwájú káńtà.