Ìjọba Ọlọ́run àti ìmúrasílẹ̀: ẹ sọ ohun tójú yín ti rí

Ìmọ́lẹ̀Òwúrọ̀: Ẹ kú déédéé ìwòyí o, ẹ̀yin ará. Láti kékeré ni wọ́n ti ń sọ fún wa pé kí á wà ní ìmúrasílẹ̀, pé Ìjọba Ọlọ́run kù sí dẹ̀dẹ̀. Ìwàásù kọ́ ni mo fẹ́ gbọ́ lónìí, ìrírí ni. Kí ló ṣẹlẹ̀ sí yín tí ọ̀rọ̀ yìí fi kúrò lórí àga ìwàásù, tó wá wọnú bí ẹ ṣe ń gbé ayé yín?

Ẹ jẹ́ n ti tèmi síwájú. Nígbà tí bàbá mi kú, ikú náà bá wa lójijì. A ṣí dúráwà wọn, a bá ìwé pélébé kan níbẹ̀. Apá kan, gbèsè tí wọ́n jẹ. Wọ́n ti fa igi lé gbogbo rẹ̀, wọ́n ti san án tán. Apá kejì, àwọn tó jẹ wọ́n lówó. Ẹ̀gbẹ́ orúkọ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n kọ "mo ti fi jì í" sí, pẹ̀lú bírò. Kò sí ẹnì kan nínú ilé tó mọ̀ pé ìwé náà wà. Ibẹ̀ ni mo ti rí bí ẹni tó múra sílẹ̀ ṣe ń rí.

MàmáÌbejì: Ọlọ́run ó tẹ́ bàbá sí afẹ́fẹ́ rere. Omi bọ́ lójú mi.

ỌmọAkọrin: Tèmi kò jinlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ o. Ọmọdé ni mí, mo ti ilé ìwé dé lọ́sàn-án, mo bá ilẹ̀kùn ní ṣíṣí gbayawu. Rédíò ń sọ̀rọ̀. Ìkòkò wà lórí iná. Bàtà màmá mi méjèèjì wà lẹ́nu ọ̀nà, ṣùgbọ́n kò sí ẹ̀dá kankan nínú ilé. Mo pè, mo pè, kò sẹ́ni tó dáhùn. Ọjọ́ Ìsinmi tó kọjá ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wàásù ìgbàsókè fún wa, pé Jésù máa gbé àwọn tirẹ̀ lọ sọ́run lójijì, á sì fi àwọn yòókù sílẹ̀. Mo jókòó sílẹ̀, mo fi igbe ta, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka ẹ̀ṣẹ̀ mi sókè: ṣúgà tí mo bù lá, irọ́ tí mo pa fún tíṣà, gbogbo rẹ̀. Ìgbà tí màmá mi máa gba ẹ̀yìn ilé wọlé pẹ̀lú aṣọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ká lórí okùn, wọ́n ní, "Ta ló kú?"

AwakọÒru: Háà! Ṣé gbogbo wa ni irú èyí ṣẹlẹ̀ sí ni? Èmi sáré dé ilé alàgbà ìjọ wa lọ wò ó bóyá wọ́n ṣì wà láyé. Mo bá wọn tí wọ́n ń gé èékánná. Ọkàn mi balẹ̀ pẹ̀sẹ̀.

MàmáÌbejì: Èmi ò lọ jìnnà. Ibùsùn àbúrò mi tó jẹ́ ọmọ ọwọ́ ni mo lọ wò. Mo ní bí òun bá ṣì wà ńbẹ̀, kò tíì ṣẹlẹ̀ nìyẹn, torí òun ò tíì lẹ́ṣẹ̀ kankan.

ỌmọAkọrin: @MàmáÌbejì háhàhá, orí yín ti pé láti kékeré o!

KòDáMiLójú: Ẹ ń rẹ́rìn-ín, èmi ò lè rẹ́rìn-ín. Irú ẹ̀rù yẹn ló lé àǹtí mi jáde kúrò nínú ìgbàgbọ́. Àgbàlagbà ni wọ́n báyìí, síbẹ̀ bí fèrè bá dún lójijì, àyà wọn á já. Jésù ní kí wọ́n jẹ́ kí àwọn ọmọ kéékèèké wá sọ́dọ̀ òun, àwa wá ń fi bíbọ̀ rẹ̀ lé wọn sá. Ta ló kọ́ wa bẹ́ẹ̀?

DúróGbọin: Arákùnrin, ìbẹ̀rù Olúwa ni ìpilẹ̀ṣẹ̀ ọgbọ́n. Ọmọ tí kò bẹ̀rù lónìí, kí ni yóò fi mọ̀ pé ọ̀run àpáàdì wà?

KòDáMiLójú: Ìbẹ̀rù Olúwa yàtọ̀ sí ìpayà, bọ̀dá mi. Jòhánù kìíní orí 4 ẹsẹ 18 ní ìfẹ́ pípé a máa lé ìbẹ̀rù jáde.

TíṣàBíbélì: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n dá sí i, torí èmi gan-an ni mò ń kọ́ àwọn ọmọdé lọ́jọ́ Ìsinmi. A ò lè yọ ọ̀rọ̀ olè tó ń bọ̀ lóru kúrò nínú Bíbélì, a ò sì lè yọ ilẹ̀kùn tí wọ́n tì kúrò. Jésù ló sọ ọ́. Ṣùgbọ́n Lúùkù orí 12 wà níbẹ̀, a kì í sábà kà á dé ẹsẹ 37 fún wọn. Àwọn ìránṣẹ́ di àmùrè, fìtílà wọn ń jó, wọ́n ń retí ọ̀gá wọn tó lọ síbi ìgbéyàwó. Ọ̀gá dé lóru, ó bá wọn lójúfò. Kí ló ṣe? Òun fúnra rẹ̀ ló di àmùrè, ó ní kí wọ́n jókòó ti oúnjẹ, ó wá ń gbé e fún wọn. Ọ̀gá ní ń sin ọmọ ọ̀dọ̀!

Nígbà tí mo kà á fún kíláàsì mi, ọmọbìnrin kékeré kan nawọ́ sókè. Ó ní, "Ṣé Jésù fúnra rẹ̀ ló máa bu oúnjẹ fún wa?" Mo tún ẹsẹ náà kà fún un. Ó ronú díẹ̀, ó ní, "Kó tètè máa bọ̀ o."

AwakọÒru: "Kó tètè máa bọ̀ o." Ọmọ yẹn ti wàásù fún gbogbo wa.

KòDáMiLójú: Tíṣà, ẹ ṣeun gan-an. Mo máa ka ẹsẹ yẹn fún àǹtí mi.

Onítàn: Ẹ jẹ́ kí n gbé tèmi wá, ó yàtọ̀ díẹ̀. Ọkùnrin kan tí a jọ ń gbé inú ilé kan náà fi iṣẹ́ sílẹ̀ nítorí oníwàásù kan tó dá ọjọ́ fún òpin ayé. Ó ta bẹ́ẹ̀dì, ó ta àga, ó ta ẹ̀rọ ìránṣọ tó fi ń jẹun. Èmi ni mo bá àwọn tó rà á gbé e sínú ọkọ̀. Ọjọ́ náà dé, ó kọjá. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì mo bá a lórí àtẹ̀gùn nínú aṣọ funfun tó fi ṣọ́ òru mọ́jú. Kò sunkún. Ó kàn bi mí bóyá mo mọ nọ́ńbà ẹni tó ra ẹ̀rọ náà.

Kì í ṣe òun nìkan. Ní Amẹ́ríkà, àgbẹ̀ kan tó di oníwàásù, William Miller, ṣe ìṣirò láti inú Dáníẹ́lì 8:14. Àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀ wá fẹnu kò sí ọjọ́ 22 oṣù October 1844. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ló ń retí, àwọn kan fi irè sílẹ̀ lóko láìkórè. Ní àkókò tiwa yìí, Harold Camping, oníwàásù orí rédíò ní Amẹ́ríkà, mú ọjọ́ 21 oṣù May 2011. Nígbà tí kò rí bẹ́ẹ̀, ó sún un sí ọjọ́ 21 oṣù October ọdún kan náà. Ní 2012 òun fúnra rẹ̀ kọ̀wé pé ẹ̀ṣẹ̀ ni ọjọ́ tí òun dá. Máàkù 13:32 kò lọ́ tìkọ̀: àwọn áńgẹ́lì ọ̀run kò mọ ọjọ́ náà, Ọmọ pàápàá kò mọ̀ ọ́n, àfi Baba.

DúróGbọin: Kí wọ́n má fi àwọn tó ṣìnà bo òtítọ́ mọ́lẹ̀ o. Pé ẹnì kan dá ọjọ́ èké kò sọ pé Olúwa ò ní dé. Ẹ ka 2 Pétérù orí 3, àwọn ẹlẹ́gàn ló ń béèrè pé ìlérí bíbọ̀ rẹ̀ dà.

Onítàn: Ẹ̀gbọ́n, kò sẹ́ni tó ń ṣẹlẹ́yà. Mo gbà pé ó ń bọ̀. Ohun tí mò ń sọ ni pé títa ẹ̀rọ ìránṣọ kọ́ ni ìmúrasílẹ̀. Àwọn ará Tẹsalóníkà ṣe irú rẹ̀, àwọn kan lára wọn jáwọ́ nínú iṣẹ́, wọ́n ń kiri. Pọ́ọ̀lù ní ẹni tí kò bá fẹ́ ṣiṣẹ́, kí ó má jẹun.

Ẹ tún gbọ́ èyí. Lọ́jọ́ 19 oṣù May 1780, ojú ọ̀run ṣú dùdù lọ́sàn-án gangan ní apá ìlà oòrùn àríwá Amẹ́ríkà. Èéfín iná igbó ló fà á, ṣùgbọ́n wọn ò mọ̀ nígbà náà. Ọ̀pọ̀ rò pé ọjọ́ ìdájọ́ ti dé. Àwọn ìgbìmọ̀ aṣòfin ń jókòó ní Connecticut, àwọn kan ní kí wọ́n túká. Ọ̀kan nínú wọn, Abraham Davenport, kọ̀. Ó ní bí kì í bá ṣe ọjọ́ ìdájọ́, kò sí ìdí tí a ó fi túká. Bó bá sì jẹ́ òun ni, òun fẹ́ kó bá òun lẹ́nu iṣẹ́. Ó ní kí wọ́n gbé àbẹ́là wá.

MàmáÌbejì: Kí wọ́n gbé àbẹ́là wá! Mo fẹ́ràn ọkùnrin yìí.

Nọ́ọ̀sìAláàánú: Ẹ kú ìjíròrò o. Iṣẹ́ alẹ́ ni mò ń ṣe, ní wọ́ọ̀dù tó jẹ́ pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń wọlé níbẹ̀ ti mọ̀ pé ilé ń pe àwọn. Ẹ má bínú, ọ̀rọ̀ mi á gùn. Láti ìgbà tí mo ti wà níbẹ̀, kò tíì sí aláìsàn kan tó bi mí nígbà tí ayé máa parí. Orúkọ èèyàn ni wọ́n máa ń dá. "Ṣé ọmọ mi ti dé?" "Ẹ bá mi sọ fún lágbájá pé..." Àwọn mìíràn kì í parí gbólóhùn náà.

Ìyá àgbà kan wà tí ìgbàgbọ́ wọn dúró ṣinṣin. Wọ́n ń gbàdúrà láàárọ̀, wọ́n ń gbàdúrà lálẹ́. Ṣùgbọ́n wọn kì í sùn. Lóru ọjọ́ kan wọ́n ní kí n jókòó. Wọ́n ní àwọn ń gbàdúrà "kí ìjọba rẹ dé" lójoojúmọ́, àbúrò àwọn obìnrin sì wà láyé tí àwọn ò kí láti ìgbà tí wọ́n ti jà nítorí ẹ̀wù kan. Ẹ̀wù o! Wọ́n ní, "Nọ́ọ̀sì, bí ìjọba yẹn bá dé lálẹ́ yìí, tí wọ́n fi èmi àti òun sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wa, kí ni mo fẹ́ sọ fún un?"

Mi ò mọ èsì. Mo kàn béèrè nọ́ńbà. Wọ́n mọ̀ ọ́n lórí, lẹ́yìn gbogbo ọdún yẹn. Ọwọ́ wọn ń gbọ̀n, èmi ni mo gbé fóònù sí wọn létí. Ẹni náà gbé e. Ìyá ní, "Èmi ni." Kò sí ọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà mo gbọ́ tí ẹni tó wà lódì kejì bú sẹ́kún, ìyá náà sì bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n sùn fọnfọn mọ́jú. Ẹ má rò pé wọ́n kú o. Ara wọn yá, àbúrò yẹn gan-an ló wá mú wọn lọ sílé.

Ìmọ́lẹ̀Òwúrọ̀: Nọ́ọ̀sì, ẹ ṣeun. Irú èyí ni mo béèrè fún.

ỌmọAkọrin: Ìbéèrè ìyá yẹn kò jẹ́ kí n lè ṣe nǹkan mìíràn. "Kí ni mo fẹ́ sọ fún un?"

AwakọÒru: Nọ́ọ̀sì, ẹ ti kó mi sí wàhálà. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin àti èmi ò tíì sọ̀rọ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti pín ilé bàbá wa. Ẹjọ́ mi tọ́ nínú ọ̀rọ̀ yẹn o, gbogbo ẹbí ló mọ̀.

DúróGbọin: Pè é. Mátíù 5:24 kò béèrè ẹjọ́ ta ló tọ́. Ó ní kí o fi ọrẹ rẹ sílẹ̀ níwájú pẹpẹ, kí o kọ́kọ́ lọ bá arákùnrin rẹ làjà. Pè é, àbúrò mi.

AwakọÒru: Tí kò bá gbé e ńkọ́?

DúróGbọin: Ìwọ ti pè nìyẹn.

KòDáMiLójú: Ìbéèrè kan ti ń jẹ mí lọ́kàn tipẹ́. Àwọn wúńdíá mẹ́wàá inú àkàwé Mátíù 25, tí wọ́n gbé fìtílà lọ pàdé ọkọ ìyàwó lóru, tí òróró àwọn márùn-ún kò tó. Kí ló dé tí àwọn márùn-ún tó gbọ́n kò fún àwọn yòókù ní òróró díẹ̀? Ṣé Kristẹni kọ́ ló yẹ kó pín nǹkan ni?

TíṣàBíbélì: Àwọn bàbá ìjọ àtijọ́ pàápàá kò sọ ohun kan náà nípa rẹ̀. John Chrysostom ní òróró yẹn ni àánú tí a ń ṣe fún aláìní. Augustine ní ìfẹ́ ni.

DúróGbọin: Ẹ̀mí Mímọ́ ni. Sekaráyà orí 4.

MàmáÌbejì: Èyíkéyìí tó bá jẹ́, kò ṣeé yá lóru ọjọ́ kan. Ìyá mi jẹ́ aládùúrà, mo mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n n kò lè gbé ẹsẹ̀ lé ọ̀nà pẹ̀lú àdúrà tiwọn. Ẹ wo ẹsẹ 5 ńbẹ̀: gbogbo wọn tòògbé, wọ́n sì sùn. Gbogbo wọn! Àwọn ọlọ́gbọ́n pàápàá sùn. Ẹni tó bá ń tọ́ ìbejì yóò mọ ohun tí mò ń sọ. Oorun máa ń gbé mi lórí ìkúnlẹ̀ lálẹ́. Kò sẹ́ni tó dá wọn lẹ́bi oorun nínú àkàwé yẹn. Òróró ti wà nínú kólòbó wọn kí oorun tó dé.

Nọ́ọ̀sìAláàánú: @MàmáÌbejì ẹ sinmi dáadáa, ìyá wa.

TíṣàBíbélì: Ẹ wo ibi tí orí kan náà parí sí. Ebi ń pa mí, ẹ fún mi lóúnjẹ. Mo ṣàìsàn, ẹ bẹ̀ mí wò. Kò sí ìbéèrè kankan nípa ọjọ́ tàbí ìṣirò níbẹ̀. Mo rò pé Chrysostom ló sún mọ́ ọn jù.

DúróGbọin: Síbẹ̀, kí á má gbàgbé ìgbàsókè. Mátíù 24:40, a ó mú ọ̀kan, a ó fi èkejì sílẹ̀.

Onítàn: Ẹ̀gbọ́n, ẹ ka ẹsẹ 39 tó ṣáájú rẹ̀. Nígbà ayé Nóà, àwọn ta ni ìkún omi gbá lọ? Àwọn tí kò múra sílẹ̀. Nóà ló ṣẹ́ kù. Ṣé ó dá yín lójú pé ẹni tí wọ́n mú lọ ló dára fún?

DúróGbọin: Rárá o! Ọ̀rọ̀ tó wà ní 1 Tẹsalóníkà 4 ni. Ẹ jẹ́ n délé kí n ṣí ìwé.

AwakọÒru: Mo pè é. Ó gbé e. Ó ní, "Ṣé kò sí o?" Mo ní kò sí. A ò dárúkọ ilé rárá. Ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù la sọ, lẹ́yìn náà ó béèrè àwọn ọmọ. Ó ní kí n wá lọ́jọ́ Sátidé, kí n kó wọn dání.

MàmáÌbejì: Yéè! Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run!

DúróGbọin: Ògo ni fún Olúwa. Lọ o, àbúrò mi, má jẹ́ kí nǹkan kan dá ọ dúró.

Onítàn: Inú mi dùn gan-an. Ẹ̀gbọ́n DúróGbọin, mo ṣì ń retí èsì ẹsẹ 39 o.