Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti bá ilé-ìwé lọ wo àwókù ìlú inú Bíbélì, kí lojú yín rí?

Akẹ́kọ̀ọ́ Tuntun: Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ilé-ẹ̀kọ́ wa fẹ́ kó wa lọ Ísírẹ́lì lẹ́yìn ìdánwò. Kì í ṣe ti àdúrà o, ibi táwọn awalẹ̀pìtàn ti ń walẹ̀ la fẹ́ lọ wò. Ẹni tó bá ti lọ rí, ẹ sọ tiyín ká gbọ́.

Àǹtí Tíṣà: Ihò omi Hesekáyà ní Jerúsálẹ́mù! Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fo ibẹ̀ o. Ẹ ka 2 Àwọn Ọba 20:20, ibi tí wọ́n ti sọ pé ọba fa omi wọ ìlú. Omi yẹn ṣì ń ṣàn. Ìsun Gíhónì lẹ ó ti wọlé, ẹ ó sì máa fẹsẹ̀ wọ́ omi lábẹ́ ilẹ̀ títí dé apá adágún Sílóámù, mítà 533. Òkùnkùn biribiri. Omi tútù nini, ó mù mí dé itan níbi tá a ti wọlé kó tó wá fà. Ibì kan wà tó jẹ́ pé ẹni tó bá ga á tẹ̀ bí ẹni ń kí ọba.

Apá méjèèjì ni wọ́n ti gbẹ́ ẹ wá, tí wọ́n fi pàdé láàárín. Tẹ́ ẹ bá tan tọ́ọ̀ṣì sára ògiri, ẹ ó rí àpá irin tí wọ́n fi gbẹ́ ẹ, gbogbo ẹ̀ kọjú sápá kan náà. Ẹ máa lọ, ẹ máa lọ, títí ẹ ó fi dé ibi tí àpá irin náà ti yí padà, tó wá kọjú sí yín. Ibẹ̀ ni wọ́n ti pàdé. Mo fọwọ́ pa á, ọmọ kíláàsì wa kan dá orin, gbogbo ihò ń hó.

Ìyèméjì: Láìsí ẹ̀rọ, nínú àpáta, báwo ni wọ́n ṣe mọ ibi tí àwọn tọ̀hún wà?

Àǹtí Tíṣà: Wọ́n kọ ọ́ sára ògiri ihò náà. 1880 ni wọ́n rí àkọlé yẹn. Ó ní àwọn òṣìṣẹ́ gbọ́ ohùn ara wọn látinú àpáta. Ẹ má wá a níbẹ̀ o, mùsíọ́mù ní Istanbul ló wà. Ayé ìjọba Ottoman ni wọ́n rí i.

Bọ̀dá Peckham: Ìdí tí Hesekáyà fi ń sá kiri gbẹ́ ihò wà níbí ní London. Ẹ wọ British Museum, ọ̀fẹ́ ni, ẹ béèrè yàrá Lákíṣì. Senakéríbù, ọba Ásíríà tó gbógun wá bá Hesekáyà, ní kí wọ́n gbẹ́ bó ṣe gba Lákíṣì, ìlú Júdà kan, sára òkúta fún ààfin rẹ̀ ní Nínéfè. Ẹ ó rí àwọn ọmọ ogun tó ń gun òkìtì lọ bá odi, ẹ ó rí àwọn ará ìlú tí wọ́n di ẹrù sórí kẹ̀kẹ́ màlúù, tọmọdé tàgbà, wọ́n ń lọ ìgbèkùn. Mo dúró síbi kẹ̀kẹ́ yẹn pẹ́.

Ọmọ Houston: Bọ̀dá, òkìtì tẹ́ ẹ rí lára òkúta yẹn ṣì wà ní Lákíṣì gan-an. Mo ti gùn ún. Àmọ́ èmi ò lọ wòran ní tèmi, mo lọ walẹ̀ ni, sẹ́mínárì wa ló kó wa lọ. Ìdájí lẹ ó ti dé oko, torí oòrùn ọ̀sán ibẹ̀ kì í ṣeré. Wọ́n á wọn ilẹ̀ fún yín, mítà márùn-ún níbùú, márùn-ún lóròó, ẹ ó máa họ ọ́ díẹ̀díẹ̀. Ọkọ́ wà níbẹ̀, turiya ni wọ́n ń pè é. Àwọn òyìnbó ẹgbẹ́ mi ò mọ̀ ọ́n mú. Èmi tí mo ti ro oko ẹ̀gẹ́ lábúlé, ọ̀gá wa sáré wá, ó ní kí n rọra, kí n má lọ gba ilẹ̀ ayé ọba yìí já sí ilẹ̀ ayé ọba mìíràn.

Ìrọ̀lẹ́ wá dé, ó di àpáàdì fífọ̀. Búrọ́ọ̀ṣì, garawa lórí garawa. Ọ̀jọ̀gbọ́n á tú u sórí tábìlì, á máa ṣà á: ẹnu ìkòkò, ìdí ìkòkò, etí ìkòkò, ìyẹn ló fi ń mọ ìgbà tí wọ́n mọ ọ́n. Èyí tó bá jẹ́ ikùn lásán, ó dà á nù nìyẹn. Àpáàdì tí mo fi gbogbo ìrọ̀lẹ́ fọ̀!

Ṣeun_kòṣeun: Dúró ná. Ta ló sanwó?

Ọmọ Houston: Èmi ni. Owó ọkọ̀ òfurufú, owó ilé, owó oúnjẹ.

Ṣeun_kòṣeun: O sanwó lọ ṣe lébìrà 😂😂

Ìyá Bọ̀bọ́: Nílẹ̀ tí wọn ò tún ní gbin nǹkan kan sí! Bàbá mi á ní wọ́n ti ṣe mí.

Àǹtí Tíṣà: Ẹ máa rẹ́rìn-ín. Ibi tí wọ́n fi àpáàdì tẹ́ ilẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, mélòó nínú yín ló ti lọ wò ó?

Ṣeun_kòṣeun: 🤐

Ọmọ Pásítọ̀: Jẹ́ríkò ló dùn mí. A ti mú fèrè dání, a fẹ́ yí ìlú ká lẹ́ẹ̀méje. A débẹ̀, òkìtì iyẹ̀pẹ̀ ni. Olùkọ́ wa nàka sí ilé-ìṣọ́ olókùúta kan nínú kòtò, ó ní ó fi ohun tó lé ní ẹgbẹ̀rún mẹ́fà ọdún ṣáájú Jóṣúà. Ó tún ní Kathleen Kenyon, tó walẹ̀ níbẹ̀ láti 1952 sí 1958, sọ pé nígbà tí Jóṣúà fi máa dé, kò sí odi tó lè wó. Odi tí bàbá mi ti fi wàásù láti kékeré mi!

Ìyèméjì: Mo ti ń sọ ọ́ tipẹ́.

Ọmọ Pásítọ̀: Sọ kí ni? Garstang ti walẹ̀ níbẹ̀ ṣáájú rẹ̀, láwọn ọdún 1930, ó ní òun rí odi tó wó.

Ìyèméjì: Kenyon yẹ odi yẹn náà wò, ó ní ó fi nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún dàgbà ju bí Garstang ṣe rò lọ.

Àǹtí Tíṣà: Kenyon kan náà sọ pé ọ̀gbàrá ti wọ́ púpọ̀ nínú ohun tó wà lókè òkìtì náà lọ. Ẹ máa ka ọ̀rọ̀ rẹ̀ tán.

Bọ̀dá Peckham: Ọ̀gbàrá ò wọ́ fèrè yín lọ. Ẹ fun ún àbí ẹ ò fun ún?

Ọmọ Pásítọ̀: A fun ún. Ẹ̀ẹ̀kan la yí i ká, oòrùn ní ká lọ jókòó.

Ìjẹ̀bú Gàrí: Gbogbo owó tẹ́ ẹ ń ná yìí, Ayaba Ṣeba wà ní Òkè-Ẹrì lẹ́bàá Ìjẹ̀bú-Òde. Bílíkísù Sungbo. Ẹ wọ dáńfó.

Ìyèméjì: Ó ti dé! Sólómọ́nì ti tó nǹkan bí ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ọdún. Yàrà Erédò tí wọ́n ní Bílíkísù gbẹ́ yí Ìjẹ̀bú ká ò jù nǹkan bí ẹgbẹ̀rún kan lọ. Ṣé òkú ló gbẹ́ ẹ?

Ìjẹ̀bú Gàrí: Ọdún tí òyìnbó kà nìyẹn. Wọn ò bá Bílíkísù kà á.

Ìyá Bọ̀bọ́: Erédò fúnra ẹ̀ tó ohun tí wọ́n ń kó akẹ́kọ̀ọ́ lọ wò, Ṣeba wá o, Ṣeba ò wá. Ó gùn tó kìlómítà 160.

Ṣeun_kòṣeun: Ìbéèrè tó ṣe kókó: ẹni tó bá ilé-ìwé lọ, ṣé ó lè kọ JP (Jerusalem Pilgrim) sẹ́yìn orúkọ?

Ọmọ Pásítọ̀: Rárá. Ẹni tó lọ gbàdúrà ló ni JP.

Ọmọ Houston: Ẹ wo ọwọ́ mi tó bó, kẹ́ ẹ tún un sọ.

Akẹ́kọ̀ọ́ Tuntun: Ẹ ṣeun o. Àǹtí, ẹ̀rù ibi tóóró ń bà mí. Ṣé dandan ni ihò yẹn?

Àǹtí Tíṣà: Kò sí dandan níbẹ̀. Ihò mìíràn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ tí ò lómi, tàwọn ará Kénáánì, ìyẹn kúrú. Tó o bá máa wọ tomi, ṣòkòtò péńpé, tọ́ọ̀ṣì, bàtà tó di ẹsẹ̀ mú.

Akẹ́kọ̀ọ́ Tuntun: Sílípáàsì ńkọ́, mà?

Àǹtí Tíṣà: Omi á gbà á lẹ́sẹ̀ ẹ.