Ìpàdé àgbáyé lórí èdè iṣẹ́ nọ́ọ̀sì: kí ni kí n kọ ránṣẹ́?

Ará Táńkẹ̀: Ẹ̀yin àgbà nọ́ọ̀sì, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìpàdé kan ń bọ̀ ní Yúróòpù lórí NANDA-I (àkójọ orúkọ ìṣòro aláìsàn tí nọ́ọ̀sì ń tọ́jú), NIC (ti iṣẹ́ tí nọ́ọ̀sì ń ṣe sí i) àti NOC (ti àbájáde ìtọ́jú náà). Wọ́ọ̀dù iṣẹ́ abẹ ni mo wà n'Ílọrin. Kí ni kí n kọ, kí ni kí n sì tètè ṣe?

Ọmọ Òmù-Àrán: Ẹ má kọ nípa gbogbo wọ́ọ̀dù. Ẹ mú ẹyọ kan, bí i Acute pain (ìrora òjijì), nọ́ńbà 00132 nínú NANDA-I. Ẹ kọ ohun tó fà á àti àmì tó hàn: "ojú ọgbẹ́ iṣẹ́ abẹ, ó ń fajú ro, ó ní ìrora náà tó 8 nínú 10." Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í nìyí: wọ́n á kọ "appendicitis" síbẹ̀. Orúkọ àìsàn nìyẹn, ti dókítà ni! NOC ń lo 1 sí 5. Lórí Pain Level (òṣùwọ̀n ìrora inú NOC), 5 túmọ̀ sí pé kò sí ìrora rárá, ìdàkejì 0 sí 10 tí à ń bi aláìsàn. Ẹ má pa méjèèjì pọ̀ nínú tábìlì kan.

Àǹtí Ọ̀fà: Ẹ gba ìwé àṣẹ ìgbìmọ̀ ìwádìí ilé ìwòsàn yín kí ẹ tó ṣí fáìlì kankan. Bó bá jẹ́ físà Schengen (físà kan fún ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Yúróòpù), ẹ lè kọ fọ́ọ̀mù láti oṣù 6 ṣáájú ìrìnàjò, ó pẹ́ tán, ọjọ́ 15 ṣáájú rẹ̀. Ìnṣọ́ráǹsì ìlera €30,000, ó kéré tán. Orúkọ inú lẹ́tà ìpè gbọ́dọ̀ bá ti páásípọ́ọ̀tù mu, lẹ́tà sí lẹ́tà.

Ará Táńkẹ̀: Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Ọ̀la ni mo máa lọ gba fọ́ọ̀mù ìgbìmọ̀.