Kí ni tọmọdé tàgbà lè rí ní Athens, ìpínlẹ̀ Georgia, ní òpin ọ̀sẹ̀ kan?

Ìbéèrè
Ẹ̀yin èèyàn mi, mo kí yín o. Àbúrò mi obìnrin ń kẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Georgia, ní ìlú Athens ní ìhà gúúsù orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, a sì fẹ́ lọ bẹ̀ ẹ́ wò. Bàbá wa, tí ìtàn jẹ́ oúnjẹ fún, yóò bá wa lọ. Àwọn ọmọ mi ní tiwọn kò fẹ́ ju ibi tí wọ́n ti lè sáré kí wọ́n sì wẹ̀. Ṣé a lè rí ohun tó máa tẹ́ gbogbo wa lọ́rùn láìjẹ́ pé a ń wakọ̀ láti òwúrọ̀ dalẹ́?

Ìdáhùn kìíní
Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà onírin tí wọ́n ń pè ní The Arch, ní òpópónà Broad. Ọdún 1785 ni ìjọba Georgia fọwọ́ sí ìdásílẹ̀ yunifásítì náà, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ kò bẹ̀rẹ̀ títí di 1801, nígbà tí John Milledge ra ilẹ̀ éékà 633 lórí òkè létí odò Oconee, tó sì fi ta wọ́n lọ́rẹ. Ilé ẹ̀kọ́ ló bí ìlú níbẹ̀. Àṣà àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ ni pé ẹni tí kò tíì gboyè kì í gba abẹ́ ẹnu ọ̀nà yìí kọjá, nítorí náà bí àbúrò yín bá yà sí ẹ̀gbẹ́, ẹ má fipá mú un. Nítòsí ibẹ̀ ni ilé tí wọ́n fi sọrí Hamilton Holmes àti Charlayne Hunter wà, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ aláwọ̀ dúdú méjì àkọ́kọ́ tó wọlé síbẹ̀, ní oṣù kìíní ọdún 1961, lẹ́yìn tí ilé ẹjọ́ pàṣẹ.

Ìdáhùn kejì
Mo gbè é lẹ́sẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí Bàbá kúrò nílùú láì dé Hot Corner, oríta tí òpópónà Hull àti Washington ti pàdé. Ibẹ̀ ni àwọn dókítà, apòògùn àti oníṣòwò aláwọ̀ dúdú ti rí àyè ṣiṣẹ́ nígbà tí òfin ẹlẹ́yàmẹ̀yà ń jọba, ibẹ̀ náà sì ni Monroe Morton kọ́ ilé ìṣeré rẹ̀ sí ní 1910, èyí tí wọ́n ṣì ń lò. Linnentown kò ní irú oríire bẹ́ẹ̀: àdúgbò àwọn aláwọ̀ dúdú ni, wọ́n sì wó o ní àwọn ọdún 1960 láti fi kọ́ ilé gbígbé àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ọdún 2021 ni ìjọba ìlú tó tọrọ àforíjì. Lójú tèmi, èyí ju ìbọn àgbá ẹlẹ́nu méjì ọdún 1862 tó wà níwájú gbọ̀ngàn ìlú lọ. Wọ́n fi ṣẹ́ẹ̀nì so ọta rẹ̀ méjèèjì pọ̀, ṣùgbọ́n ẹnu àgbá náà kò yìn lẹ́ẹ̀kan náà, ọta sì gba ibi tó wù ú lọ. Àwọn ọmọ á rẹ́rìn-ín sí i ṣá.

Ìdáhùn kẹta
Ẹ fi ọ̀sán Sátidé sílẹ̀ fún Sandy Creek Park, níbi tí adágún omi Chapman wà. Wọ́n ń wẹ̀ níbẹ̀ nígbà ooru, wọ́n ń pẹja, wọ́n sì ń wa ọkọ̀ ojú omi. Ní ọjọ́ Àìkú, ẹ rin ọ̀nà North Oconee River Greenway, nítorí odò tó ń bá ọ̀nà náà lọ ló ń yí ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ òwú ìlú náà nígbà àtijọ́, kò sì ní jẹ́ kí Bàbá ṣe aláìrí ìtàn. Koríko kan wà tó ń fà mọ́ igi, tí ewé rẹ̀ ń yọ ní mẹ́ta-mẹ́ta: kí ọmọ má fọwọ́ kàn án, ara yíyún rẹ̀ kì í ṣe kékeré.

Olùbéèrè
Mo dúpẹ́ gidigidi. Oṣù kárùn-ún ni a ń rò. Ẹsẹ̀ máa ń ro Bàbá. Ṣé ọ̀nà ẹ̀gbẹ́ odò yẹn kò ní ni ín lára?

Ìdáhùn kẹta
Wọ́n fi kọnkéré tẹ́ púpọ̀ nínú rẹ̀, ẹ sì lè padà níbi tó bá ti rẹ̀ ẹ́. Ayẹyẹ ìgboyè máa ń bọ́ sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù yẹn, ẹ tètè gba yàrá òtẹ́ẹ̀lì.