Òbí 11 péré ló wá sípàdé tá a pè lórí ọ̀rọ̀ ọkàn àwọn ọmọ, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ẹ kú ilé o ẹ̀yin èèyàn mi. Iṣẹ́ gáídáǹsì káńsẹ́lọ̀ ni mò ń ṣe nílé ìwé girama ìjọba kan n'Ìbàdàn, mi ò ní dárúkọ ẹ̀. Látìgbà tí WAEC ti ń sún mọ́lé lohun tí mò ń rí lọ́fíìsì ti ń kó mi lọ́kàn sókè. Ọmọ tó ń sùn ní kíláàsì torí pé ó ti kiri búrẹ́dì láti aago 5 ìdájí. Ọmọkùnrin kan wà tó jẹ́ pé tí wọ́n bá ti ní kó dìde kàwé, ọwọ́ ẹ̀ á máa gbọ̀n débi tí bébà á máa dún pakapaka. Ọ̀kan wá wà ní SS2, ọmọ jẹ́jẹ́, ẹ̀yìn nóòtì bàọ́lọ́jì ẹ̀ ló kọ ọ́ sí, pẹ́ńsù ló fi kọ ọ́, wínníwínní, pé ó ti rẹ òun, òun ò fẹ́ jí mọ́. Olùkọ́ tó fẹ́ máàkì nóòtì ló rí i tó sáré gbé e wá bá mi.

A sọ fún ọ̀gá, wọ́n ní ká pe àwọn òbí. A tẹ lẹ́tà, a lẹ ọ̀kan mọ́ géètì: "Ìpàdé Pàtàkì Lórí Ìlera Ọpọlọ Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́", Ọjọ́rú, aago 10 àárọ̀. Àga 200 la háyà. Òbí 11 ló wá, méjì nínú wọn tiẹ̀ rò pé owó PTA la fẹ́ gbà, wọ́n wá bẹ̀bẹ̀ ká fún wọn láàyè díẹ̀ sí i. Mi ò tíì sọ̀rọ̀ tó ìṣẹ́jú márùn-ún tí màmá kan fi dìde: "Ẹ jọ̀ọ́ tíṣà, ọmọ tèmi ò ya wèrè o. Ta ló ní kí wọ́n fi lẹ́tà wèrè ránṣẹ́ sí mi?" Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín.

Ibẹ̀ ni mo ti ṣàṣìṣe, mi ò sì ní bò ó mọ́ yín lójú. Inú bí mi, mo fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé kì í ṣọ̀rọ̀ ẹ̀rín, ni mo bá ní ọmọ SS2 kan wà tó kọ nǹkan báyìí báyìí sẹ́yìn nóòtì bàọ́lọ́jì. Mi ò dárúkọ. Àṣé bàbá ẹ̀ jókòó lọ́wọ́ ẹ̀yìn. Ó délé, ó tú báàgì ọmọ. Lọ́jọ́ kejì ojú ọmọ náà wú, ó wò mí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ní ásẹ́ńbìlì, kò sì tẹ ọ́fíìsì mi mọ́ látìgbà yẹn, ó ti tó ọjọ́ mẹ́sàn-án.

Báwo lẹ ṣe ń pe òbí tí wọ́n fi ń wá? Kí ni mo lè sọ fún wọn, kí ni mi ò gbọdọ̀ sọ? Ọmọ yẹn ńkọ́?

Ìyá Alátà:
Tíṣà, ẹ má bínú, èmi náà ò bá má wá. Aago 10 àárọ̀ Ọjọ́rú, ìgbà tí tòmátì Òkè Ọya já sí Bódìjà tí gbogbo wa ń du apẹ̀rẹ̀, ta ló máa fi ìsọ̀ ẹ̀ sílẹ̀? Ẹ̀ẹ̀kejì, tí ilé ìwé bá pe èèyàn, àfi owó àfi kí wọ́n fẹ́ lé ọmọ, ẹ ò pè wá rí kẹ́ ẹ sọ pé ọmọ wa ṣe dáadáa. Ti "ọpọlọ" tẹ́ ẹ kọ yẹn ló wá burú jù. Ní tiwa, tí wọ́n bá ti ní ọpọlọ, Àró, ọsibítù wèrè l'Abẹ́òkúta, la gbọ́, alákìísà tó ń rìn láàárín títì la rí lójú. Ẹ kọ "Bí ọkàn ọmọ wa ṣe máa balẹ̀ kí ìdánwò tó dé", kẹ́ ẹ wá wò ó bóyá èrò ò ní kún. Àbí kẹ́ ẹ kúkú gbé ọ̀rọ̀ yín wá sípàdé ọjà wa, ìyálọ́jà wa ò le.

Nọ́ọ̀sì Abẹ́òkúta:
Ẹ ṣeun màmá, ẹ ṣáà jẹ́ kí n gbèjà Àró díẹ̀ jàre. Nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéoyè Lámbò bẹ̀rẹ̀ ibẹ̀ ní 1954, ará ilé aláìsàn ló ń tẹ̀ lé e wá, wọ́n á jọ máa gbé láwọn abúlé tó yí ọsibítù ká, wọ́n á gbàtọ́jú lójú mọmọ, wọ́n á padà sílé lálẹ́. Kí ẹbí wà nídìí ìtọ́jú, kì í ṣe nǹkan tí òyìnbó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé.

Tíṣà, ọ̀rọ̀ ọmọ yẹn ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ mú o, ìpàdé lè dúró. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ti pọ̀ jù. Ẹ pè é sí kọ̀rọ̀, ẹ bẹ̀ ẹ́ fún ohun tẹ́ ẹ sọ, kẹ́ ẹ wá bi í láìfepo-bọyọ̀ bóyá ó ṣì ń ro ikú. Bíbi í ò ní kó o sí i lórí, lásán làwọn èèyàn ń bẹ̀rù ìyẹn. Tó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ má fi í sílẹ̀ lóun nìkan, òbí gbọ́dọ̀ gbọ́ lọ́jọ́ náà gan-an, ẹ ṣáà jẹ́ kọ́mọ mọ̀ pé ẹ máa sọ fún wọn kẹ́ ẹ tó sọ ọ́. Kí wọ́n kó oògùn apakòkòrò àti oògùn tó wà nílé pamọ́, kí wọ́n gbé e lọ ọsibítù UCH n'Ìbàdàn yín níbẹ̀, ẹ̀ka tó ń tọ́jú ọmọdé àtọ̀dọ́ wà níbẹ̀. Ẹ má sì jẹ́ kẹ́nikẹ́ni dá ọlọ́pàá sí i. Abala 327 nínú òfin ìwà ọ̀daràn ló ní ẹni tó bá gbìyànjú láti pa ara ẹ̀ lè ṣẹ̀wọ̀n ọdún kan, òfin ìlera ọpọlọ tí wọ́n sì buwọ́ lù ní January 2023, tó rọ́pò ti 1958, kò yọ abala yẹn. Ó wà lára ohun tó ń mú kí òbí panu mọ́.

Ọmọ Ìjọ:
Ẹ gbé ọmọ náà lọ sórí òkè kó gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta, kí wọ́n gbàdúrà fún un. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣojú lásán.

Àfáà Mọ́níyà:
Kí wọ́n gbàdúrà, iṣẹ́ mi nìyẹn. Àmọ́ ọmọ tó ti ní ó rẹ òun, tẹ́ ẹ tún ní kó gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta, kí lẹ fẹ́ kó kù lára ẹ̀? Ẹ jẹ́ kó rí dókítà, àdúrà á máa bá a lọ. Tíṣà, ẹ fi fóísì nóòtì ìṣẹ́jú méjì ránṣẹ́ sí mi, màá gbé e sétí máìkì lẹ́yìn Jímọ̀, ọ̀pọ̀ bàbá tí kì í wá sí PTA wà níbẹ̀.

Bàbá Ìbejì:
Mi ò ní ó dáa kí bàbá yẹn lu ọmọ, kò dáa rárá, ẹ̀rù ló bà á ṣá, tẹ́rù bá sì ba àwa ọkùnrin, ìbínú ló máa ń bá jáde. Èmi náà, nígbà tọ́mọ mi gba 148 ní JAMB lẹ́ẹ̀kejì, mo sọ ọ̀rọ̀ kan sí i nídìí oúnjẹ tí mo ṣì ń kábàámọ̀ ẹ̀ dòní, ó rọra gbé ṣíbí kalẹ̀, kò bá mi jẹun mọ́ fún odidi oṣù kan. Ẹ má pe bàbá yẹn wá sílé ìwé. Ẹ lọ bá a nílé lọ́jọ́ Sunday, ẹ mú olùkọ́ ọkùnrin tó dàgbà dání, kẹ́ ẹ kọ́kọ́ bẹ̀ ẹ́ pé ẹ tú àṣírí ilé ẹ̀ síta.

Màmá Peckham:
Nígbà tí ilé ìwé kọ lẹ́tà sí mi ní London níbí nípa ọmọ mi obìnrin, mo rò pé àwọn social, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń rí sọ́rọ̀ ọmọdé, ló fẹ́ wá gbọmọ lọ́wọ́ mi ni, mo pa fóònù fún ọjọ́ méjì. Ohun tó yí mi lọ́kàn padà ò ju pé wọ́n pe àwa ìyá ká wá mu tíì láàárọ̀, lẹ́yìn tá a bá já ọmọ sílẹ̀, kò sí lẹ́kíṣọ̀ kankan, ìyá Ìjẹ̀bú kan ló sọ tiẹ̀, ó ń sunkún ó tún ń rẹ́rìn-ín, kí n tó mọ̀ mo ti ń sọ tèmi. Nǹkan míì ni pé kí wọ́n tó pè mí, wọ́n ti bi ọmọ mi pé, "Kí lo fẹ́ ká sọ fún màmá ẹ, kí lo ò fẹ́?" Ó dùn mí nígbà yẹn o, pé ọmọ tí mo bí ló ń yan ohun tí màá gbọ́. Ṣùgbọ́n torí ẹ̀ ló ṣe ń bá wọn sọ̀rọ̀.

Ẹni tó béèrè:
Ẹ ṣeun gan-an. Ọjọ́ tí mo ka ti Nọ́ọ̀sì ni mo pe ọmọ náà. Mo bẹ̀ ẹ́, kò dá mi lóhùn fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó kàn ń ká etí yúnífọ́ọ̀mù ẹ̀. Mo bi í ní ìbéèrè yẹn tààrà, ó ní òun ṣì máa ń rò ó nígbà míì. Mo ní ó di dandan kí n sọ fún àwọn òbí ẹ̀, mo wá bi í bí Màmá Peckham ṣe wí. Ó ní, "Ẹ sọ fún wọn kí wọ́n má fi mí wé ẹ̀gbọ́n mi mọ́ tá a bá ń jẹun." Bàbá Ìbejì, ọ̀rọ̀ ṣíbí yín yẹn, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo kà á.

Mi ò dúró de Sunday, ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà la lọ sílé wọn. Bàbá ò kọ́kọ́ fún wa lága. Ìgbà tí mo bẹ̀ ẹ́ tán, ó dákẹ́ títí, ó wá ní pírámárì 6 lòun ti dúró, pé ìgbà àkọ́kọ́ tóun máa ṣí nóòtì ọmọ náà nìyẹn. Màmá ẹ̀ ti mú un lọ UCH ní Monday, wọ́n sì ti fún wọn lọ́jọ́ míì.

Ó wá ku ti ìpàdé. Ìyá Alátà, ọjọ́ wo lẹ ń ṣe tọjà yín?

Ìyá Alátà:
Ọjọ́bọ̀ àkọ́kọ́ nínú oṣù, aago 4 ìrọ̀lẹ́. Ẹ má mú lẹ́tà kankan wá o. Ẹ má sì wọ kóòtù.