Ilé àdádúró lábẹ́ igi ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo, ní Benin): kí la ó yẹ̀ wò ká tó rà á?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Ilé yàrá mẹ́rin ni, máńgòrò méjì wà lágbàálá, kò sì jìnnà sọ́nà Kútọnu.

Èsì 1: Ìwé ló ṣáájú, àbúrò. Mú nọ́ńbà titre foncier (ìwé ẹ̀rí ẹni tó ni ilẹ̀) lọ sí ANDF, iléeṣẹ́ ìjọba Benin tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ilẹ̀, kí wọ́n bá ọ yẹ̀ ẹ́ wò. Bó bá jẹ́ ilé ẹbí, gbogbo ajogún ni kó fọwọ́ sí i.

Èsì 2: Gun òrùlé o! Ewé máńgòrò máa ń dí gọ́tà, omi á dúró, páànù á dípẹtà. Kí gọ́tà dà sísàlẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 1 fún mítà 2.

Èsì 3: Wo ògiri ẹ̀gbẹ́ igi. Bó bá sán bí àtẹ̀gùn láàárín bíríkì, tí ẹyọ owó wọ ibẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ìpìlẹ̀ ti máa yẹ̀. Kí kànga sì jìnnà sí ṣáláńgá, ó kéré tán mítà 15.